Sirópù Aago Kan Ọ̀sán

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kì í bá oògùn jà. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń sá yí àga po, tí ìyá wọn ń fi ṣíbí lé wọn kiri, ni mò ń sọ. Láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún méjì ló ti ń lo oògùn láràárọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ SS ló ní, àìsàn tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Hóró kékeré kan ni, pẹ̀lú omi ife kan. Bó bá ti gbé e mì, màá ní, "La ẹnu." Á la ẹnu. Màá tún ní, "Gbé ahọ́n sókè." Á gbé ahọ́n sókè kí n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́, kò sí ibi tí ọmọdé ń kó oògùn pamọ́ sí tí n ò mọ̀. Òun ò kó tirẹ̀ pamọ́ rí. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ tó bá wà lọ́dọ̀ mi ni mò ń wò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀, àbígbẹ̀yìn mi, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì ń gbé Angondjé, ní etí ìlú Libreville, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun lójoojúmọ́. Èmi ń gbé Kalikak, mo sì ń ta aṣọ ní Nombakélé, nítòsí ọjà Mont-Bouët. Iṣẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú Port-Gentil fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú oṣù Rámádánì ló sì bọ́ sí. Ó gbé ọmọ náà wá fún mi pẹ̀lú báàgì aṣọ, báàgì ìwé, ike oògùn, àti bébà kan tó kọ òfin kún. Faransé ló fi kọ ọ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà ní Libreville. Mo lè fi Faransé tajà, mo lè fi í bá onítakisí jà títí á fi bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n tó bá di kíkà, mo máa ń ní mi ò rí jígí ojú mi. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kà á fún mi. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀: kó mu omi láàárọ̀, kó mu omi nílé ìwé, kó mu omi kó tó sùn. A lẹ bébà náà mọ́ ara fíríìjì.

"Ìyá Àgbà," ó ní, "mọ́mì kọ omi lẹ́ẹ̀mẹ́jọ."

"Mo ti gbọ́. Ṣé èmi ni n ò mọ omi ni?"

Alágídí ni mí. Mi ò fi yangàn, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ibi tí agídí náà sì ti pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ọjọ́ ààwẹ̀ kan ò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ gbé rí. Èyí tí nǹkan oṣù gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà léwe, mo san án padà. Èyí tí oyún gbà, tí fífún ọmọ lọ́mú gbà, mo san án, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé aláàánú ni Ọlọ́hun. Gbogbo àwọn tó ń tajà ní ìlà wa ló mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí wọ́n ń fi híjáàbù bo ike omi lọ́sàn-án. Bí mo bá ti yọ, ọ̀rọ̀ á bọ́ lẹ́nu wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún méjì ṣáájú, dókítà ti sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì kọ oògùn fún mi, hóró funfun kan láràárọ̀. Mò ń lò ó. Ṣùgbọ́n tí Rámádánì bá ti wọlé, mo máa ń tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ kí n tó mú un jáde. Àbígbẹ̀yìn mi á pè mí, á ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń lò ó ní sààrì?" Màá ní, "Mò ń lò ó." N kì í lò ó. Oògùn náà máa ń jẹ́ kí n tọ̀ ní gbogbo àárọ̀, ilé ìtọ̀ tó sì sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, n ò lè gbàdúrà kí ọ̀tá mi wọ̀ ọ́. Lásìkò mìíràn, mo máa ń dúró sílé kó dá kí n tó jáde, ṣùgbọ́n ọjà Rámádánì kì í dúró de èèyàn. Ìdí mi nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ọjọ́ kejì tí ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ mi, orí ń fọ́ mi, òòyì sì ń kọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Ó ti ti ilé ìwé dé, ó jókòó sórí òkìtì ańkárá nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un. Obìnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí, ó ní, "Àlájà, ojú yín ò dáa o. Ẹ lọ lo oògùn yín, ẹ fi ààwẹ̀ tòní sílẹ̀, ẹ ó san án."

Èmi rèé, mo gbé ohùn sókè kí gbogbo ìlà lè gbọ́. "Èmi? Kí n gbé oògùn mì lọ́sàn-án ààwẹ̀? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gbààwẹ̀! Èyí téèyàn bá gbà nígbà tí ara ò dá, òun gan-an ni ààwẹ̀. Ìyókù, àìjẹun lásán ni!"

Wọ́n hó yèè. "Àlájà! Àlájà wa!" Inú mi dùn, orí fífọ́ náà tilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò mí, ó sì padà sí ìṣirò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ara rẹ̀ sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. N ò fi falẹ̀ rárá. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé e lọ. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù, gbọ́ àyà rẹ̀ níwá lẹ́yìn, ó ní kòkòrò àìsàn ti ń wá ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kọ sirópù fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, wákàtí mẹ́jọ sí ara wọn, a ò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kan. Kó sì máa mu omi dáadáa. Ó wá yíjú sí mi, ó ní lára ọmọ tó bá ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí, ibà kékeré kì í ṣe kékeré.

Mo mọ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, ìrora egungun mú un, ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí ibùsùn ọsibítù. Èmi ni mo jókòó tì í. Ọmọ tí egungun ń dùn kì í ké bí ọmọ tó ṣubú. Á kàn dákẹ́ jẹ́ẹ́, á tẹjú mọ́ òkè àjà, bí èèyàn bá wá fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n fi bò ó lásán, á figbe ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n ò mọ ohun tó wà níwájú mi. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo jókòó sílé tì í. Aago márùn-ún ìdájí, aago kan ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án alẹ́, bí mo ṣe pín in nìyẹn, torí pé aago márùn-ún ti bá mi lójú ní sààrì. Ní ìdájí ọjọ́ kìíní, ó jí fúnra rẹ̀, ó bá mi jẹ ìrẹsì díẹ̀, ó lo sirópù wẹ́rẹ́, ó lo hóró ojoojúmọ́ rẹ̀, ó gbé ahọ́n sókè. Mo ní ebi ló jí i. Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, mo wọn sirópù sínú ṣíbí ike tó bá ìgò wá, mo gbé e lọ bá a lórí ẹní ní pálọ̀. Ó pa ẹnu dé.

"La ẹnu."

Ó mi orí.

"Kí ló dé? Ó korò ni? Ṣebí o lò ó láàárọ̀?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ọwọ́. "Mò ń gbààwẹ̀, Ìyá Àgbà."

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Libreville, tó ń fi Faransé lálàá, tí ìyá rẹ̀ gan-an ń kírun lọ́jọ́ tó bá wù ú, òun ló ní òun ń gbààwẹ̀. Mo ní, "Káre, ọmọ mi. Ààwẹ̀ ọmọdé kì í kọjá ọ̀sán. Ó ti parí. La ẹnu." Ó ní òun ò gba tọmọdé. Mo fi àkàrà bẹ̀ ẹ́, mo fi tẹlifísàn bẹ̀ ẹ́, ó fi àáké kọ́rí. Mo wá ṣe ohun tí n ò rí àlàyé ṣe lé lórí títí dòní: mo da sirópù náà padà sínú ìgò. Mo ṣírò rẹ̀ nínú ara mi pé ìdájí, ìṣínu, aago mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ṣáà ni. Ìyá rẹ̀ pè ní ìrọ̀lẹ́, ó bèèrè bóyá ó lo sirópù ọ̀sán. Mo ní, "Ó lò ó."

Ọjọ́ kejì, kò lò ó, kò sì mu omi. Kò mu ẹ̀kán kan láti ìdájí. Mo rí i pé ètè rẹ̀ ti ń gbẹ, mo sì jáwọ́ nínú ẹ̀rín. Mo po sirópù mọ́ yáọ́ọ̀tì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi ṣúgà lé e. Mo pariwo. Mo ní màá pe ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n ò lè pè é, torí kí ni mo fẹ́ wí? Ọ̀dọ̀ tèmi ni irọ́ àná wà. Ìbínú wá mú mi, mo ṣe ohun tí ìyá mi ì bá ṣe. Mo ní màá rọ ọ́.

Gbogbo ìyá wa ló mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ. Wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ìkókó sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sẹ́nu rẹ̀, wọ́n á da àgbo sí i. Bí ọmọ bá ti fẹ́ mí, á gbé e mì. Bí wọ́n ṣe rọ èmi nìyẹn, bí mo sì ṣe rọ àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn, wọ́n sì sanra. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ṣe ìkókó. Ó gbá mi nípàá níkùn. Mo dì í mú, mo da sirópù sí i lẹ́nu, ó sá lọ sọ́nà tí kò yẹ. Ó húkọ́, ó húkọ́, ojú rẹ̀ ràn, sirópù gba imú rẹ̀ jáde sára búbà mi. Ẹ̀rù bà mí débi tí mo fi gbé e dìde tí mo ń lù ú lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, mo ń ké, "Mí! Mí, jọ̀ọ́!"

Nígbà tó mí tán, kò sunkún. Ó nu imú rẹ̀. Ohun tó bi mí ni pé, "Díẹ̀ wọlé. Ṣé ó ti bàjẹ́?"

Ààwẹ̀ ló ń sọ. Mo ní kò tíì bàjẹ́, pé èyí tí wọ́n bá fi tipátipá fún èèyàn kì í bà á jẹ́. Bí ẹ̀sìn ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ara tù ú, ó padà sórí ẹní rẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsùlù kun ìwé. Mo fọ búbà mi.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò ni. Ẹni tó bá mọ òjò ibí mọ̀ pé tó bá dé, kò sí ẹni tó ń bá a dúnàádúrà. Ọ̀nà tó wọ àdúgbò wa kún, kò sí takisí tó máa gbà láti wọ̀ ọ́. Ó kù díẹ̀ kó lu aago méjìlá nígbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, ó gbóná fòò. Ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Díẹ̀ ni."

Ẹsẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Díẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ sọ.

Mo pe ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbé e bi mí bóyá ó ń lo sirópù rẹ̀ pé. Mo ní kò lo ti ọ̀sán fún ọjọ́ méjì. Ó ní kí n gbé e wá kíá. Mo ní omi ti dí ọ̀nà. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n fún un ní sirópù àti oògùn ibà lójú ẹsẹ̀, kó mu omi, omi púpọ̀, kí n sì gbé e wá gbàrà tí ọ̀nà bá là. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá wọlé, bí ara rẹ̀ bá gbẹ pẹ̀lú ibà yẹn, ohun tí a ń sá fún á dé kí takisí tó dé. Kò yí ọ̀rọ̀ po fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbé sirópù. Ó di eyín pa. Mo gbé omi lásán. Ó yíjú sí ògiri. N ò tún lè rọ ọ́. Ohun tí mo rí lójú rẹ̀ lánàá ṣì wà lójú mi.

Mo pe Àfáà wa, mo tú ohùn rẹ̀ síta kí ọmọ lè gbọ́. Àfáà gbìyànjú. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé Ọlọ́hun kò fi ààwẹ̀ ṣe dandan fún ọmọdé, kò sì fi ṣe dandan fún aláìsàn, àti pé méjèèjì ni ọmọ náà. Ó ní oògùn tó bá lò, ẹ̀san ni fún un. Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àfáà. Ẹ ṣé, Àfáà." Mo pa fóònù, mo gbé ṣíbí. Ó pa ẹnu dé.

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Àfáà wí ni?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá ń ṣe ọ́? Ta lo fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn Àfáà?"

Ó ń mí kíákíá. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ń ṣàìsàn, ẹ sì ń gbà á. Ẹ ò lo tiyín. Mo rí i nínú dúrọ́ọ̀, ó ṣì kún." Ó sinmi díẹ̀. "Ẹ ní èyí téèyàn bá gbà nígbà tí ara ò dá, òun gan-an ni ààwẹ̀. Nígbà tí ara mi dá, n ò gbà á. Mo dúró kí ara mi má dá ná."

Làìláà! Ó ti dúró de àìsàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ó jókòó sórí òkìtì ańkárá, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ kí àwọn oníbàtà lè pàtẹ́wọ́ fún mi, ó sì gbé e sọ́kàn dúró de ọjọ́ tí wúkọ́ máa dé. Òjò ń lu páànù òrùlé bí ẹni ń da òkúta sí i.

Mo dìde, mo lọ sí yàrá, mo mú oògùn mi jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo bu omi sínú ife gíláàsì kó lè rí i kedere, mo padà wá jókòó síwájú rẹ̀ lórí ẹní. Mo ní, "Wò mí. Èmi náà fẹ́ lo tèmi." Mo gbé hóró náà sẹ́nu.

Kí n sọ òtítọ́ ibí yìí pẹ̀lú. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó jáde ní yàrá. Mo fi ahọ́n tẹ oògùn náà mọ́lẹ̀, mo gbé ife sẹ́nu, mo jẹ́ kí omi kan ètè mi, kò wọlé. Mo wá mú kí ọ̀nà ọ̀fun mi lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó gbé nǹkan mì. Lẹ́yìn náà, màá lọ tu ú dànù ní balùwẹ̀, màá fi omi yọ ẹnu. Ṣebí a máa ń fi omi yọ ẹnu tí a bá ń ṣe àlùwàlá. Ọmọ á lo tirẹ̀, ààwẹ̀ mi ò ní fọ́, kò sì ní sí ẹni tó gbọ́. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí ẹsẹ̀ ọmọ ń dùn ún.

"Ó tán," ni mo wí. "Ó kù ẹ́."

Ó wò mí lọ títí. "Ẹ la ẹnu."

Mo là á díẹ̀.

"Ẹ gbé ahọ́n sókè."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ ì bá hó. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo ti lọ Mẹ́kà, mo ti bá ọ̀gá àwọn agbowó-orí fa ọ̀rọ̀, ojú ò tì mí rí bí ojú ṣe tì mí lórí ẹní yẹn. Mo gbé ahọ́n sókè. Oògùn náà wà níbẹ̀, ó ti ń yọ́, ó korò bí nǹkan míì. Ó rí i. Ó kàn padà fi orí lélẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Mo gbé ife, mo mu ún. Mi ò dúró láàárín, mo mu ún dé ìsàlẹ̀, omi tútù, aago kan ọ̀sán, nínú Rámádánì. Mo gbọ́ bó ṣe ń lọ nínú ọ̀fun mi. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò mọ èyí tí mo ń sun nínú ààwẹ̀ àti ọmọ. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo la ẹnu gbàgà, mo gbé ahọ́n sókè kó tó sọ fún mi.

Ó dìde jókòó. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì.

"Ó ti bàjẹ́?"

"Ó ti bàjẹ́."

"Ẹ ó san án?"

"Màá san án."

"Èmi náà máa san tèmi."

"Ìwọ ò ní san nǹkan kan. Ọlọ́hun ò béèrè é lọ́wọ́ ẹ. Èmi ni mo purọ́ mọ́ Ọlọ́hun."

Ó ronú sí i. Ó wá la ẹnu. Sirópù wọlé, oògùn ibà wọlé, omi ife kan, omi ife kejì. Ó gbé ahọ́n sókè láìjẹ́ pé mo sọ. Èmi náà tún mu omi ife kan sí i tì í, nígbà tó ti bàjẹ́ ná.

Nígbà tó fi máa di ìrun alásárì, òjò ti dá, ara rẹ̀ sì ti ń rọ̀. Mo gbé e sẹ́yìn la omi já títí dé ojú títì, bó ṣe tóbi tó yẹn, mo rí takisí. Wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n fi omi sí i lára, ìrora ẹsẹ̀ náà kò kọjá díẹ̀ tó wà. Dókítà ní a tètè gbà á. Ó wá ní kí n na apá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó tún un wọ̀n, ó bi mí ibi tí oògùn mi wà. Mo ní ààwẹ̀ ni. Ó ní kò sí ohun tó ní kó jẹ́ àárọ̀ dandan, pé mo lè máa lò ó pẹ̀lú ìṣínu, kó ṣáà jẹ́ wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Rámádánì méjì ni mo ti fi ṣe akọni lórí ohun tí mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ mi dé láti Port-Gentil. Mo sọ fún un nípa ibà, nípa òjò, nípa sirópù ọ̀sán tí ọmọ rẹ̀ kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó sì bínú, ó sì tún dárí jì mí. Mi ò sọ fún un nípa dúrọ́ọ̀. Ọmọ náà ò sọ fún un pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, mo san ọjọ́ kan náà ní Sátidé. Àwọn méjèèjì wá láti Angondjé láti bá mi ṣínu. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo jẹ dàbínò, mo mu omi, mo gbé hóró funfun náà sẹ́nu, mo fi omi lé e. Ọmọ ọmọ mi gbé ṣíbí ẹ̀kọ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ la ẹnu, Ìyá Àgbà."

Mo là á.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Kí leléyìí? Ṣé ọmọdé ni Ìyá Àgbà ni?"

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Abẹ́ ahọ́n ni wọ́n máa ń kó o sí."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ mi. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó yíjú sí mi. "Mọ́mì. Gbogbo ìgbà tí mo ń pè yín, tí ẹ ní ẹ ń lò ó ní sààrì?"

Ẹnu mi ṣì là sílẹ̀. Mo gbé ahọ́n sókè, àwọn méjèèjì sì sún mọ́ mi láti wo abẹ́ rẹ̀.